Ẹ̀tọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Ìjókòó Kan Tí Wọ́n Tà fún Ẹni Méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń mú mọ́ra láti ìgbà pípẹ́. A kò lè mú un mọ́ra mọ́, nítorí àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta aṣọ ní ọjà Gwagwalada. Nígbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, bàbá rẹ̀ ti papò dà nílé, àwọn ẹbí sì ti dá ọjọ́ ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì. Òun ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí bàbá rẹ̀ lórí. Nítorí ẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ó kó owó ọjà rẹ̀ jọ, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Àbújá lọ sí Àkúrẹ́ fún ọjọ́bọ̀, ó sì ti rà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, aago márùn-ún ìdájí ló ti kúrò nílé. Ó dé ìdí kọ́ńtà kí ọ̀pọ̀ èrò tó dé. Akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, “Màmá, orúkọ yín wà níbí, ṣùgbọ́n bàálù ti kún.”

Ìyá náà bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìyá tó ti bí ọmọ márùn-ún kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé tí kò tó àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí, nítorí ohun tó ti fi owó ara rẹ̀ rà! Bí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan dé pẹ̀lú àgbádá, tí ẹnìkan ń gbé àpótí tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí akọ̀wé létí, ọkùnrin náà gba ìwé ìwọkọ̀, ó kọjá lọ. Bàálù gbéra. Kò sí òmíràn tó ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ìyá wa kó sínú ọkọ̀ ilẹ̀ tó ti ń sá fún, ó gba ojú ọ̀nà tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó fi máa dé ilé, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo ojú oórì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni ilé iṣẹ́ bàálù náà dá padà fún un, ìyẹn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Àwa ìgbìmọ̀ Ẹ̀ka lọ kí i nígbà tó padà dé. Kí ni a sọ fún un? Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni a sọ: “Ẹ máa dúpẹ́. Ọlọ́run ló mọ ohun tó fi yọ yín. Bóyá bàálù náà ni ì bá já.” Ó ní àmín, a mu omi, a sì padà sílé wa. Ṣùgbọ́n bàálù náà kò já. Ó gúnlẹ̀ sí Àkúrẹ́ ní àlàáfíà, alágbàdá sì sọ̀ kalẹ̀, ó lọ síbi tó ń lọ. Ìyá wa ni kò débi tó ń lọ. A ti fi orúkọ Ọlọ́run bo ìwà ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀, a sì rò pé ìtùnú ni a ṣe. Ojú tì wá nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú Ẹgbẹ́ gbé ìwé òfin dé ìpàdé tó tẹ̀lé e, tó sì kà á sí wa létí. Ohun tó kà ni a fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Àjọ ìjọba tó ń ṣe àkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NCAA, ní ìwé òfin kan. Ọdún 2023 ni wọ́n tún un tẹ̀ jáde. Apá 19 nínú ìwé náà dá lórí ààbò oníbàárà. Ẹni tó bá mọ̀wé nínú yín, kó ka èyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Èkíní: bí ilé iṣẹ́ bàálù bá rí i pé èrò ju ìjókòó lọ, kò gbọdọ̀ kàn na ìka sí ẹnikẹ́ni pé, “Ìwọ ni kò ní lọ.” Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde, kó béèrè ẹni tó bá fẹ́ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yọ̀ǹda àyè rẹ̀, kí òun àti ẹni náà sì jọ dúnàá-dúrà lórí ohun tí yóò gbà.

Èkejì: bí ẹni tó yọ̀ǹda kò bá pọ̀ tó, tí wọ́n wá dá ènìyàn dúró láìfẹ́ rẹ̀, owó gbà-má-bínú tọ́ sí ẹni náà. Fún ìrìn àjò abẹ́lé, owó yìí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 25 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fún ti òkè òkun, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 30 nínú 100.

Ẹ̀kẹta: owó gbà-má-bínú kò pa owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́. Èrò ló ni yíyàn, bóyá kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà ni o, tàbí kí wọ́n wá bàálù mìíràn fún un débi tó ń lọ.

Ẹ̀kẹrin: bí ó ti ń dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ohun mímu, kí wọ́n sì jẹ́ kó rí fóònù fi pe àwọn ará ilé. Bí ìdúró náà bá mú oorun lọ́wọ́, ilé ìtura àti ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ gbé e bọ̀, ọrùn wọn ló wà.

Ìkarùn-ún: ilé iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ibi kọ́ńtà, kó hàn kedere, tí yóò sọ fún èrò pé ó ní ẹ̀tọ́, kí wọ́n sì fún ẹni tí wọ́n dá dúró ní ìwé tó sọ ẹ̀tọ́ náà.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òfin yìí kò sí fún ẹni tó pẹ́ dé, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí àìsàn tàbí ewu tó hàn gbangba. Ẹni tó ní àyè tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún un, tó sì dé ní àkókò tí wọ́n dá, ni òfin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ìyá wa kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni? Ká sọ pé ₦120,000 ló san. Ìdá 25 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Owó yìí tọ́ sí i lé orí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì yẹ kó kúnlẹ̀ kó tó gbà á. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kéde, kò sí ẹni tó béèrè bóyá ẹnìkan lè yọ̀ǹda. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kó bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Akátá ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó ń ta ìjókòó ju ìjókòó lọ. Ẹ wo gáréèjì wa níbí. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn, á sanwó, á jókòó, orúkọ rẹ̀ á wọ inú ìwé. Bí agbèrò bá gba owó lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ìjókòó kan, gbogbo gáréèjì ni yóò dìde sí i, olórí wọn ni yóò sì ní kó dá owó padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ta ewúrẹ́ kan fún ẹni méjì lọ́jà, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Báwo wá ni ohun tó jẹ́ olè jíjà lọ́jà, tó jẹ́ ìtìjú ní gáréèjì, ṣe wá di ọgbọ́n ìṣòwò ní pápá ọkọ̀ òfurufú?

A mọ èsì wọn. Wọ́n ní àwọn kan máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í wá. Wọ́n ní ìjókòó tó bá fò lófìfo kò ní owó lẹ́yìn mọ́. Wọ́n ní epo bàálù wọ́n. A gbọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, a kì í ṣe ọmọdé. Kárí ayé ni wọ́n ti ń ta àyè ju àyè lọ, òfin Nàìjíríà pàápàá kò sì sọ pé kí wọ́n má tà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ta ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìṣirò wọn sì ń já sí èrè lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ìṣirò náà bá yẹ̀, ta ló yẹ kó ru ẹrù rẹ̀? Ṣé ẹni tó jẹ èrè ni, àbí ìyá tó ń lọ sin bàbá rẹ̀? Òfin ti dáhùn: ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ ni kó san owó tẹ́tẹ́. Ohun tí a ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n ń jẹ èrè, wọ́n sì ń sá fún gbèsè.

Nígbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ ta àyè jù. Bàálù ńlá ni wọ́n ta, bàálù kékeré ni wọ́n gbé wá. Tàbí kí wọ́n da èrò bàálù méjì pọ̀ sínú ẹyọ kan. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ó sanwó, ó dé lákòókò, a sì fi í sílẹ̀. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ bàálù kékeré bo ojú wa.

Adìẹ wá kàn báyìí, adìẹ náà sì ni àwa. Àwọn àgbà wa tó wọ bàálù nígbà Nigeria Airways, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1958 tó sì kógbá sílé ní 2003, máa ń sọ fún wa bí èrò ṣe ń sáré dé ẹsẹ̀ bàálù, tí alágbára ń ti aláìlágbára. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín ni a máa ń rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ta ni ọkùnrin alágbàdá tó gba àyè ìyá wa? Kì í ṣe ará ìlú òkèèrè. Ó lè jẹ́ ẹnìkan nínú wa. Àwọn ènìyàn ńlá wa, àwọn tó ń fún Ẹgbẹ́ ní àga nígbà àpèjẹ, àwọn tí a ń fi oyè dá lọ́lá, ẹ gbọ́ o: nígbàkígbà tí ẹ bá pẹ́ dé, tí ẹ wá fi ẹni mímọ̀ tàbí owó àbẹ́lẹ̀ gba ìwé ìwọkọ̀, ìjókòó náà kò já bọ́ láti ọ̀run. Lábẹ́ ìdí ẹnìkan ni ẹ ti fà á. A ń sọ ọ́ gbangba, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ bínú.

Àwa tí a kì í ṣe ènìyàn ńlá náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí a bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá jẹ, a á wá ẹni tó mọ ẹnìkan. Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, a á fi nǹkan sí ọwọ́ akọ̀wé. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sófo, a á pariwo, a á bú ìyá oníyàá, ọlọ́pàá á sì lé wa jáde. Nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀nà òfin. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ti gbà pé kì í ṣe tirẹ̀. Akọ̀wé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í sanwó.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé òyìnbó nìkan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkùnrin kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, Ralph Nader, fẹ́ wọ bàálù ilé iṣẹ́ Allegheny láti Washington lọ sí Hartford, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àyè rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta àyè jù, wọ́n sì dá a dúró. Wọ́n fi dọ́là 32 àti sẹ́ǹtì 41 lọ̀ ọ́ kí ọ̀rọ̀ lè parí. Kò gbà á. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ní 1976 pé ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ilé iṣẹ́ bàálù lẹ́jọ́. Ní 1978 ni ìjọba wọn wá ṣe é ní òfin pé kí ilé iṣẹ́ bàálù máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni. Òfin tó wà lónìí nínú Apá 19 tiwa bá èyí mu. Òfin náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run sọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ẹnìkan ló kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀.

Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe ní 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, dá iye owó náà sí yúrò 250, 400 tàbí 600 gẹ́gẹ́ bí ìrìn náà bá ṣe jìn tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa òfin náà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù. Nítorí náà, ọmọ wa tí wọ́n bá dá dúró láìfẹ́ rẹ̀ ní London nígbà tó ń bọ̀ wá sí Èkó, tí bàálù tí wọ́n wá fi gbé e sì fi ju wákàtí mẹ́rin lọ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, pọ́n-ùn 520 ló tọ́ sí i, ì báà jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló rà. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń gbà á. Ṣé orí ọmọ tó wà ní London ni ẹ̀tọ́ ń bá gbé, tí kì í bá ìyá rẹ̀ gbé ní Gwagwalada?

Ẹni tó bá sì rò pé adájọ́ Nàìjíríà kì í gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kó gbọ́ èyí. Ọmọbìnrin Nàìjíríà kan tó ń kàwé ní Texas ní Amẹ́ríkà ra tíkẹ́ẹ̀tì Emirates láti fi wá sí ilé ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọn kò jẹ́ kó wọ bàálù. Ó pe ẹjọ́ nígbà tó dé Èkó. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà fún un nítorí ìyà tó jẹ ẹ́. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé owó yẹn. Ọmọbìnrin náà kò sinmi. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá, ilé ẹjọ́ náà sì dá owó náà padà fún un ní 2018. Ọdún mọ́kànlá gbáko! A kò sọ pé ọdún mọ́kànlá kò pọ̀. Ó pọ̀ jù, ìtìjú ló sì jẹ́ fún orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà ti wà nílẹ̀ báyìí, kò sì sí ilé iṣẹ́ bàálù tó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tún kù tí a fẹ́ bá àjọ NCAA sọ. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí a bá rà, ìdá 5 nínú 100 ń lọ sí ọwọ́ àwọn àjọ ọkọ̀ òfurufú ti ìjọba, tiyín sì wà nínú rẹ̀. Àwa ni a ń san owó ọlọ́dẹ. Kò yẹ kí ọlọ́dẹ máa sùn nígbà tí olè bá wọlé. A mọ̀ pé ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú tó ń gbọ́ ẹ̀sùn èrò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń kúrò ní Gwagwalada lọ wọ bàálù ló mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀? Ẹ kọ ìkìlọ̀ yín ní èdè Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, àti ní Gbàgyí tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ tí a wà lórí ilẹ̀ wọn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ibi tí ìyá tó ń ta aṣọ yóò ti rí i. Ẹ má sì dúró de ẹ̀sùn kí ẹ tó ṣiṣẹ́. Ẹ lọ dúró ní ìdí kọ́ńtà ní àsìkò ọdún, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kéde bí òfin ti wí.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ohun tí a fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ tètè dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀nà láti Gwagwalada dé ibẹ̀ kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Ẹ pa tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ẹ̀rí owó yín mọ́. Bí wọ́n bá ní bàálù ti kún, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má sì pariwo, nítorí ẹni tó bá lu òṣìṣẹ́ tàbí tó dí ọ̀nà bàálù ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀daràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò sì sọnù sínú ẹjọ́ mìíràn. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun mẹ́rin: “Ṣé ẹ ti kéde fún ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda? Kí ni ìdí tí ẹ fi dá mi dúró, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ìwé tó sọ ẹ̀tọ́ mi dà? Owó gbà-má-bínú mi dà?” Ẹ kọ aago tí ẹ dé àti aago tí wọ́n dá yín lóhùn sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ NCAA tó wà fún ẹ̀sùn èrò. Ẹ má fi náírà kan sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́lẹ̀, nítorí àyè ọmọnìkejì yín ni ẹ ń fi owó náà rà.

Nípa ti Ẹ̀ka wa, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. A ó ṣí ìwé ẹ̀sùn kan tí yóò wà ní ọwọ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dá dúró ní ìdí bàálù, kó mú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wá, ọmọ Ẹgbẹ́ ni o, kì í ṣe ọmọ Ẹgbẹ́ ni o, Yorùbá ni o, Gbàgyí ni o. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ̀wé yóò bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ bàálù, bí kò bá sì sí èsì, sí àjọ NCAA. Bí ẹ̀sùn mẹ́wàá bá pé jọ, a ó kó o lọ síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní orúkọ Ẹ̀ka. Lẹ́tà ẹnìkan lè sọnù nínú àpótí. Lẹ́tà mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn gbé wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn kì í sọnù. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹnìkan bi wá ní ìpàdé pé kí ni gbogbo ariwo yìí fún, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ṣì ń gba orí ilẹ̀ lọ sílé. Ìbéèrè tó dára ni. Èsì wa nìyí: a wá sí ìlú yìí láti ṣiṣẹ́, a kò wá láti kú síbí láìrí ilé mọ́. Ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ tí wọ́n bá pè pé ìyá ń ṣàìsàn, àwọn ọjọ́ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní agbára rẹ̀ ń wọ bàálù nítorí pé ojú ọ̀nà ti bàjẹ́, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ta ìjókòó náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà ilé wa ló tà. Bí a bá sì kọ́ láti béèrè ẹ̀tọ́ wa ní ìdí bàálù, a ó mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìwé àwọn ọmọ wa, àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ní ti ìyá wa, a ti padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. A tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí a sọ lákọ̀ọ́kọ́. A sọ fún un pé Ọlọ́run kò mọ nǹkankan nípa kọ́ńtà náà, ènìyàn ló ṣe é. Ọmọ rẹ̀ ti bá a kọ lẹ́tà, ó ti fi ọwọ́ sí i, òun ló sì wà ní ojú ewé kìíní nínú ìwé ẹ̀sùn wa. Ó ní kì í ṣe nítorí owó náà, nítorí pé owó kò lè hú bàbá òun jáde kí òun lè tún un sin. Ó ní nítorí kí ẹlòmíràn má baà kúnlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ dìde dúró. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ tiyín.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ Ẹgbẹ́,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀ka Gwagwalada.